Bí a ṣe ń tọ́jú gìtá oníná, tí a sì ń tò ó, nínú afẹ́fẹ́ Èkó

Ọ̀pọ̀ gìtá oníná tí àwọn èèyàn ń pè ní gìtá burúkú ní Èkó ni kò ní àbùkù kankan ju pé kò sí ẹni tó jókòó tì í láti tò ó. Irú gìtá bẹ́ẹ̀ ti gba orí òkun dé Àpápá, ó ti jókòó nínú kọ̀ńténà, ó ti wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù fún oṣù mélòó kan, igi ọrùn rẹ̀ sì ti mu omi inú afẹ́fẹ́ wa láìsí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí ẹni tó rà á bá gbé e délé, okùn rẹ̀ á ga ju bó ṣe yẹ lọ, á máa dun ìka, ìró tó ń jáde ní ìsàlẹ̀ ọrùn kò sì ní bá èyí tó ń jáde nítòsí orí gìtá mu. Gbogbo èyí ló ní àtúnṣe, iṣẹ́ náà kò sì ju agbára ẹni tó bá ní sùúrù lọ, bó bá ṣáà ti tẹ̀ lé ètò: okùn la kọ́kọ́ ń pààrọ̀, lẹ́yìn náà a ó tún ọrùn ṣe, a ó wá gíga okùn, a ó mú ìró bára mu, kí a tó dé ọ̀dọ̀ píkọ́ọ̀pù, ìyẹn ẹ̀yà tó ń gbé ìró okùn lọ sínú ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Ẹni tó bá fo ọ̀kan kọjá yóò padà wá ṣe é, nítorí pé ìkọ̀ọ̀kan nínú wọn ló ń yí èyí tó tẹ̀ lé e padà.

Irinṣẹ́ tí a nílò kò pọ̀. Ẹ wá sukudiráfà sítáà àti olórí pẹrẹsẹ kékeré, Allen key (irin onígun mẹ́fà tí a fi ń yí sukuru) tó bá gìtá yín mu, rúlà irin tó ní àmì ààbọ̀ mìlímítà, píláyà tí a fi ń gé wáyà, àkísà òwú tó mọ́, kápò tí a fi ń há okùn mọ́ ọrùn, àti túnà tó ń fi hàn bóyá ìró okùn tọ́. Túnà orí fóònù kò burú bí ilé bá dákẹ́, ṣùgbọ́n ní àdúgbò tí jẹnẹrétọ̀ ti ń kùn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, èyí tí a ń fi há orí gìtá ló dára jù, nítorí pé ìgbọ̀n igi ló ń gbọ́, kì í ṣe ariwo ilé. Ohun kan tí àwọn olórin kì í sábà ní ni fíilà gééjì, ìyẹn àwọn irin pẹlẹbẹ tí a tò pọ̀ bí ojú ewé ìwé, tí a kọ ìnípọn ọ̀kọ̀ọ̀kan sí i lára. Àwọn mẹkáníìkì ló ń fi í wọn àlàfo fáàfù ẹ́ńjìnnì, nítorí náà ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò ọkọ̀ ní Ládípọ̀ ni kí ẹ ti béèrè rẹ̀, kì í ṣe ní ṣọ́ọ̀bù ohun èlò orin. Ní ti Allen key, àwọn gìtá kan ń lo ìwọ̀n ínṣì, àwọn mìíràn ń lo mìlímítà. Ẹ má ṣe fi èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a mu dán an wò rárá, nítorí pé bí ẹnu ihò tí a ń kì í bọ̀ lára gìtá bá fi lè jẹ, iṣẹ́ tí kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ yóò di iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ àti owó ńlá.

Ẹ fi okùn tuntun bẹ̀rẹ̀. Kò sí àtúnṣe tó lè mú ìró okùn tó ti dípẹtà tọ́, nítorí pé ìpẹtà àti ìdọ̀tí ìka kì í lẹ̀ mọ́ ọn lọ́gbọọgba, ìwúwo okùn náà kò sì ní dọ́gba láti òkè dé ìsàlẹ̀ mọ́. Ọ̀nà méjì ni ìbàjẹ́ yìí ń gbà wọlé lọ́dọ̀ wa: òógùn ọwọ́, àti iyọ̀ tó ń bá atẹ́gùn òkun rìn. Ẹni tó ń gbé ní Victoria Island tàbí ní Lẹ́kí, tó sì ń ṣí fèrèsé sílẹ̀ sí òkun, ní láti máa ṣọ́ okùn rẹ̀ àti àwọn sukuru kéékèèké ìdí gìtá rẹ̀ ju ẹni tó wà ní Agége lọ.

Àwọn nọ́ńbà tó wà lára páálí okùn ń sọ ìnípọn wọn ní ìdá ẹgbẹ̀rún ínṣì. Okùn 9 sí 42, láti èyí tó tín-ín-rín jù dé èyí tó nípọn jù, rọ ìka lọ́rùn. 10 sí 46 le díẹ̀, ó sì ń di ìró rẹ̀ mú dáadáa. Fún ẹni tó ń ta gìtá jùjú tàbí háiláìfù, níbi tí a ti fẹ́ kí ìró kọ̀ọ̀kan dá dúró ketekete, 10 ni mo fara mọ́. Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ dúró tì í, torí pé bí ìnípọn okùn bá yí padà, agbára tó fi ń fa ọrùn yóò yí padà pẹ̀lú, ẹ ó sì tún gbogbo iṣẹ́ náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí gìtá yín bá ní irin ọwọ́ tí a fi ń mú ìró gbọ̀n, ẹ máa pààrọ̀ okùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí pé àwọn sípíríǹgì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń bá okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fa ara wọn, bí ẹ bá sì tú gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ìdúró irin ìdí náà yóò bàjẹ́. Bí kò bá ní in, ẹ lè tú gbogbo wọn kí ẹ rí ààyè nu ojú ọrùn. Ojú ọrùn tó jẹ́ igi dúdú tàbí igi pupa tí a kò kùn lè gba ẹ̀kán òróró díẹ̀, irú èyí tí wọ́n ṣe fún gìtá, kí ẹ sì nù ún gbẹ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan. Nínú ọ̀rinrin Èkó, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ti tó. Mo rọ̀ yín, ẹ má ṣe fi àdín, epo àgbọn tàbí òróró ẹ̀pà kùn ún: wọn yóò bàjẹ́ nínú igi náà, wọn yóò máa rùn, wọn yóò sì máa lẹ̀. Ojú ọrùn aláwọ̀ ìyeyè tí a ti kùn tó sì ń dán kò nílò òróró kankan. Àkísà tí a fi omi bọ̀, tí a sì fún dáadáa, ti tó fún un. Bí ẹ bá fẹ́ fi wáyà wẹ́wẹ́ tí a fi ń dán irin dán fírẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ojú ọrùn, ẹ kọ́kọ́ fi téèpù bo píkọ́ọ̀pù, nítorí pé òòfà inú rẹ̀ yóò fa ẹ̀rúnrún irin mọ́ra, kò sì rọrùn láti yọ wọ́n kúrò.

Nígbà tí ẹ bá ń wé okùn tuntun mọ́ pẹ́ẹ̀gì tó wà ní orí gìtá, wíwé ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ti tó, kí ìkọ̀ọ̀kan sì wà lábẹ́ èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ fa okùn kọ̀ọ̀kan sókè díẹ̀díẹ̀ kúrò lára gìtá, kí ẹ tún ìró rẹ̀ ṣe, kí ẹ tún fà á, títí tí ìró náà kò fi ní máa lọ sílẹ̀ mọ́. Ìró tí a ń lò jù ni E, A, D, G, B, E, láti orí okùn tó nípọn jù, tí ìgbọ̀n rẹ̀ jẹ́ 82.4 Hz (iye ìgbà tó ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), dé orí èyí tó tín-ín-rín jù, tí tirẹ̀ jẹ́ 329.6 Hz, nígbà tí a bá gbé A lé 440 Hz. Bí ẹgbẹ́ yín bá ń rẹ gìtá sílẹ̀ ní ààbọ̀ ìró kí ó lè bá ohùn akọrin mu, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kí ẹ tó wọn ohunkóhun, kí ẹ sì ṣe gbogbo títò náà ní ipò yẹn.

Ọrùn ni ibi tí ẹ̀rù ti ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn, ó sì yẹ kí a fara balẹ̀ níbẹ̀. Okùn mẹ́fà ìwọ̀n 10 sí 46, bí a bá fà wọ́n dé ìró wọn, ń fa ọrùn gìtá pẹ̀lú agbára tó lé ní kílò 40. Igi nìkan kò lè dúró ti irú ìfà bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ki irin gígùn kan tí à ń pè ní truss rod bọ inú ọrùn, tí ihò ìyí rẹ̀ sì wà yálà níbi orí gìtá lábẹ́ ìdérí kékeré kan, tàbí ní ìdí ọrùn níbi tó ti pàdé ara. Iṣẹ́ irin yìí ni pé kí ó bá okùn fa ara wọn. Kì í ṣe pé a fẹ́ kí ọrùn tẹ́ pẹrẹsẹ pátápátá. A fẹ́ kí àárín rẹ̀ lọ sẹ́yìn ní ìwọ̀nba kékeré, nítorí pé àárín okùn ni ìgbọ̀n rẹ̀ ti ń fẹ̀ jù, bí kò bá sì rí àyè níbẹ̀, yóò máa gbá fírẹ́ẹ̀tì.

Ẹ gbé gìtá sí itan bí ìgbà tí ẹ bá fẹ́ ta á, ẹ má ṣe tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ẹ fi kápò há fírẹ́ẹ̀tì kìíní, kí ẹ fi ìka kan tẹ okùn tó nípọn jù mọ́ fírẹ́ẹ̀tì tó wà níbi tí ọrùn ti pàdé ara, kí ẹ wá wo àlàfo tó wà láàárín okùn náà àti orí fírẹ́ẹ̀tì keje tàbí ìkẹjọ. Okùn tí a dì mú báyìí ti di rúlà títọ́, àlàfo yẹn sì ni ìtẹ̀ ọrùn. Ẹ ki fíilà gééjì sí i: mìlímítà 0.2 sí 0.3 ló dára fún ọ̀pọ̀ gìtá. Bí àlàfo náà bá pọ̀ jù, ẹ yí irin náà bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, kí ó lè mú ọrùn tẹ́ díẹ̀ sí i. Bí kò bá sí àlàfo rárá, ẹ yí i sí òdìkejì. Ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo kan ni kí ẹ yí lẹ́ẹ̀kan, kì í jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ẹ tún ìró okùn ṣe, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Igi kì í jẹ́ ìpè kíákíá, nítorí náà bí ẹ bá ti súnmọ́ ìwọ̀n tí ẹ ń wá, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ẹ tó pinnu. Bí irin náà bá le tí kò fẹ́ yí, ẹ dáwọ́ dúró, kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́, torí pé irin tó bá já sínú ọrùn ti ba gìtá náà jẹ́.

Ìwọ̀n yìí kì í dúró sójú kan ní Èkó. Nígbà òjò, láti bí oṣù Kẹrin lọ, igi ń mu omi, ó sì ń wú. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé ní oṣù Kejìlá, igi yẹn kan náà yóò gbẹ, yóò sì sún kì. Ẹni tó bá fi ọwọ́ fa ẹ̀gbẹ́ ọrùn nígbà ọyẹ́, tó sì rí i pé etí fírẹ́ẹ̀tì ń họ òun lọ́wọ́, kò ní láti rò pé fírẹ́ẹ̀tì ló yọ síta: igi ló súnra sẹ́yìn kúrò lára wọn. Èyí tó tún ń da ọ̀pọ̀ gìtá láàmú ni ẹ̀rọ amúlétutù tó ń gbẹ afẹ́fẹ́ yàrá ní ìrọ̀lẹ́, tí iná sì ń lọ lóru, tí ọ̀rinrin fi ń padà wọlé kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ jẹ́ kí gìtá wà fún wákàtí kan ó kéré tán nínú yàrá tí ẹ ti fẹ́ tò ó kí ẹ tó fọwọ́ kan irin inú ọrùn rẹ̀.

Lẹ́yìn ọrùn ni gíga okùn. Ẹ yọ kápò, kí ẹ fi rúlà wọn láti orí fírẹ́ẹ̀tì kejìlá dé abẹ́ okùn. Mìlímítà 1.6 fún okùn tó tín-ín-rín jù àti 2.0 fún èyí tó nípọn jù jẹ́ ibi tó dára láti bẹ̀rẹ̀, kí àwọn mẹ́rin àárín sì gòkè díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀kan dé èkejì. Lára gìtá oríṣi Stratocaster, okùn kọ̀ọ̀kan ló ní irin kékeré tirẹ̀ tó jókòó lé, sukuru kéékèèké méjì sì ń gbé irin náà sókè tàbí sílẹ̀. Lára oríṣi Les Paul, kẹ̀kẹ́ irin méjì ló ń gbé gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹ wá ta ìró kọ̀ọ̀kan lórí gbogbo fírẹ́ẹ̀tì láìfi gìtá sí iná, kí ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, nítorí pé ibi tí gbígbá náà ti ń dún ni yóò sọ ohun tó ń fà á. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí okùn wà láìtẹ̀ nìkan ló ń gbá, a jẹ́ pé ojú ihò rẹ̀ ti jìn jù lára nọ́ọ̀tì, ìyẹn egungun funfun tó wà lórí ọrùn. Bó bá ń gbá láti fírẹ́ẹ̀tì kìíní dé ìkarùn-ún, ọrùn ti tẹ́ jù. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn ìkejìlá ni, okùn ti lọ sílẹ̀ jù, tàbí kí ìtẹ̀ ọrùn pọ̀ jù. Bó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo, fírẹ́ẹ̀tì tó tẹ̀ lé e ló ga ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, iṣẹ́ oníṣẹ́ sì nìyẹn. Gbígbá kékeré tí kò bá jáde láti inú ẹ̀rọ agbóhùnsókè kì í ṣe àrùn.

Níbi nọ́ọ̀tì, ẹ fi orí pẹ́ńsùlù ra inú ojú ihò kọ̀ọ̀kan nígbàkígbà tí ẹ bá pààrọ̀ okùn. Ẹ̀tù dúdú rẹ̀ ń jẹ́ kí okùn yọ̀, gìtá tí kì í dúró lórí ìró rẹ̀ sì sábà máa ń padà bọ̀ sípò lẹ́yìn èyí, láìjẹ́ pé a ra pẹ́ẹ̀gì tuntun.

Ó wá kan ìbámu ìró, èyí tí mo kà sí pàtàkì jù fún orin wa. Láti ìparí àwọn ọdún 1940, nígbà tí Àyìndé Bákàrè ti mú iná bá gìtá inú orin jùjú, títí dé ìgbà tí King Sunny Adé fi ń to gìtá púpọ̀ sórí ìtàgé kan náà, ẹwà orin yìí wà nínú bí gìtá kan ṣe ń dá èkejì lóhùn. Nínú afrobeat náà, gìtá kan ń tún ẹsẹ̀ kan náà ta láìdúró nígbà tí òmíràn ń lu ìlù tirẹ̀ lára okùn. Níbi tí gìtá kan bá ti yà kúrò lójú ìró díẹ̀ ní òkè ọrùn, gbogbo ìjọ ló ń gbọ́ ọ, bí wọn kò tilẹ̀ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Fírẹ́ẹ̀tì kejìlá ló pín okùn sí méjì. Lára Stratocaster, tí gígùn okùn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 648, ó wà ní 324 sí nọ́ọ̀tì. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ okùn, a ti fà á le díẹ̀, ìró rẹ̀ á sì gòkè ju bó ṣe yẹ lọ, ìdí nìyẹn tí a fi ń fún okùn kọ̀ọ̀kan ní gígùn díẹ̀ sí i níbi ìdí gìtá. Ẹ fi ìka kan okùn lókè fírẹ́ẹ̀tì kejìlá láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ ta á, kí ìró bí agogo náà bá túnà mu géérégé. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ okùn náà mọ́ fírẹ́ẹ̀tì kejìlá pẹ̀lú agbára tí ẹ fi ń ta gìtá lójoojúmọ́, kí ẹ tún wo túnà. Bí ìró títẹ̀ bá ga ju ti àkọ́kọ́ lọ, ẹ yí sukuru ẹ̀yìn kí irin kékeré tí okùn jókòó lé lè sún sẹ́yìn, kúrò lọ́dọ̀ ọrùn. Bó bá rẹlẹ̀, ẹ sún un síwájú sí ọrùn. Ẹ tún ìró okùn ṣe lẹ́yìn ìyí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Iṣẹ́ yìí gba àkókò, ẹ má ṣe é nígbà tí ẹ ń múra òde.

Píkọ́ọ̀pù kò ní wàhálà púpọ̀. Òòfà ni, tí a wé wáyà mọ́, bó bá sì súnmọ́ okùn jù, yóò máa fà á, ìró yóò máa gbọ̀n lọ́nà tí kò dára, kò sì ní pẹ́ kó tó kú. Ẹ tẹ okùn mọ́ fírẹ́ẹ̀tì tó kẹ́yìn, kí ẹ fi bíi mìlímítà 2 sí 3 sílẹ̀ láàárín rẹ̀ àti píkọ́ọ̀pù, kí apá okùn tó nípọn sì jìnnà díẹ̀ ju apá kejì lọ. Ìyókù, etí yín ni kí ó pinnu.

Bí bọ́tìnnì fọ́lúùmù bá ń ha bí ẹ ṣe ń yí i, eruku àti ìpẹtà ló wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Computer Village ní Ìkẹjà máa ń lo oògùn afọ́nká tí a fi ń nu ojú iná; ẹ fọ́n díẹ̀ sí inú bọ́tìnnì náà láti ẹ̀yìn, kí ẹ yí i lọ yí i bọ̀ títí tí híha náà yóò fi dákẹ́. Bí ihò tí a ń ki wáyà sí bá ń mì, ẹ ṣí ìdérí rẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ di inú rẹ̀ mú kí ẹ tó fi sípánà fún nọ́ọ̀tì irin tó dì í mú níta le. Bí gbogbo rẹ̀ bá jọ ń yí, àwọn wáyà inú yóò lọ́ra wọn títí wọn yóò fi já.

Ti ariwo kíkùn tó ń jáde láti inú ẹ̀rọ agbóhùnsókè, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Iná wa ń yí ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, píkọ́ọ̀pù oníwáyà ìdì kan sì ń gbọ́ ọ. Oríṣi oníwáyà ìdì méjì ń pa kíkùn náà rẹ́ nítorí pé ìdì kejì ń dojú kọ ti àkọ́kọ́. Bí kíkùn bá dínkù nígbà tí ẹ fọwọ́ kan okùn, ẹ má fòyà, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Bó bá pọ̀ sí i, tàbí tí ẹ bá nímọ̀lára iná bó ti wù kó kéré mọ, ẹ yọ ẹ̀rọ agbóhùnsókè kúrò nínú iná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ní òde àríyá, níbi tí gìtá àti makirofóònù ti ń gba iná láti ara jẹnẹrétọ̀ tí kò ní ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí okùn, tí ètè rẹ̀ sì kan makirofóònù, lè gba iná tó lè pa á. Ẹ ní kí oníná so ẹ̀rọ gìtá àti ẹ̀rọ makirofóònù mọ́ orísun kan náà tó ní ẹ́ẹ̀tì, kí ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ orin kó tó ṣe é. Ẹ má ṣe ṣí inú ẹ̀rọ agbóhùnsókè fúnra yín, pàápàá oníbúùbù àtijọ́, nítorí pé iná tó lè pani ń wà nínú rẹ̀ síbẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ ọ́.

Ní ti ìtọ́jú ojoojúmọ́, ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó gbé gìtá, kí ẹ sì fi àkísà gbígbẹ nu òkè àti abẹ́ okùn lẹ́yìn tí ẹ bá ta á tán. Ẹ fi àwọn àpò kékeré amómigbẹ tó máa ń wà nínú páálí bàtà sínú àpótí gìtá. Ẹ má ṣe fi gìtá sílẹ̀ nínú búùtù ọkọ̀ nígbà tí ẹ bá há sínú gòsílóò lórí Third Mainland Bridge lọ́sàn-án. Ẹ gbé e sí ìjókòó ẹ̀yìn níbi tí atẹ́gùn ti lè kàn án, torí pé ooru ń rọ àtè tó di igi rẹ̀ pọ̀.

Ẹ tún wọn ọrùn àti gíga okùn nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tí ọyẹ́ bá wọlé. Ẹ kọ ìwọ̀n tí ẹ rí, ìnípọn okùn tí ẹ lò àti ọjọ́ tí ẹ ṣe é sórí bébà kékeré, kí ẹ fi í sínú àpótí gìtá. Bí fírẹ́ẹ̀tì bá ti jẹ, tàbí tí nọ́ọ̀tì bá ní láti gba fáìlì, oníṣẹ́ tí ẹ bá gbé e fún yóò ka bébà yẹn kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun, yóò sì mọ ipò tó yẹ kó dá gìtá náà padà sí.